Àgbàdo Kì Í Dá Rìn

Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu ni Jimoh fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun. Eyín òsì rẹ̀ ti jẹ pẹlẹbẹ bí ọlọ tí wọ́n ti ń lò láti ayé ìyá àgbà, nítorí pé àgbàdo ló ń fi wọ́n gé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀gbà lọ sí Àgídìngbì. Bí lọ́rì bá ti Òkè Ọya dé, Jimoh á mú irin gbọọrọ kan tó ní ihò nínú, á fi gún àpò, àgbàdo á gba inú irin náà ṣàn bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Á ju hóró méjì sẹ́nu. Bó bá dún bí ẹní ṣẹ́ igi gbígbẹ, lọ́rì wọlé. Bó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò bu bí wọ́n bá kó o jọ. Jimoh á mi orí, awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Kì í jẹ obì, kì í sì í fẹnu kan ata kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ahọ́n má baà ṣì í lọ́nà.

Àṣà kan wà ní géètì yẹn tí mo ní láti sọ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ á padà débẹ̀. Àgbàdo tí irin bá fà jáde kì í padà sínú àpò mọ́. Ti ẹni tó gé e ni. Máníjà mọ̀, awakọ̀ mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá a du ú. Nírọ̀lẹ́, Jimoh á da ti òòjọ́ sínú garawa, á gbé e lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ á fi ṣe ògì, á sì ta ẹ̀kọ mímu láàárọ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Agége. Mo máa ń mu ẹ̀kọ náà. Ó kúnná. Mo sọ fún obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan pé omi ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí Jimoh sí. Gaàrí ni ìyá rẹ̀ ń yan. Ó ní láti kékeré lòun ti ń ṣàkíyèsí pé bí gaàrí bá wọ́n, àwọn obìnrin ẹlẹ́kọ á kọ́kọ́ máa rẹ́rìn-ín, nítorí pé oníbàárà ń wọ́ tọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn náà á káwọ́ lérí, nítorí pé àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ ti gbówó lórí. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó bá ọkọ̀ gaàrí wọ Agége, ó ru àpò lórí fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó fi irin lé e lọ́wọ́. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé ó ti lo ogún ọdún ní géètì náà, kò tọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni, lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ìyẹn ọdún kejì tí àwọn sójà padà sí bárékè tí alágbádá gba ìjọba.

Èmi ni mo ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nusrat, ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní SS2. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo ti bá a wí fún rí ni pé ó máa ń ṣa ẹfun tó ti kéré jù, èyí tí a ti lò kù lábẹ́ pátákó. Mo ní kó kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Kò sọ ohun tó ń fi wọ́n ṣe, èmi náà ò sì béèrè.

Nínú oṣù kẹfà, mo ṣe ìdánwò fún wọn. Ìbéèrè kẹta ni pé, kí ló máa ń mú kí iye owó àgbàdo lọ sókè? Ìdáhùn tí mo ń retí ò ju ìlà méjì lọ: ọ̀dá, kòkòrò, ìkórè tí kò dára. Nusrat kọ ìlà mẹ́rin. Ó ní bí gaàrí bá wọ́n ní Ìjẹ̀bú, tí ọkà bàbà sì wọ́n ní Òkè Ọya, àgbàdo á wọ́n ní Agége, bó tilẹ̀ pọ̀ lóko.

Mo fún un ní òdo nínú márùn-ún. Bí mo bá fi mọ síbẹ̀, bóyá n kì bá tí máa kọ nǹkan yìí. Ṣùgbọ́n mo kà á sókè fún gbogbo kíláàsì.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Bàbá rẹ kọ́ ló máa máàkì ìwé rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Olúwarótìmí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ẹ bi í bóyá tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n, bàtà náà á wọ́n." Mi ò dá a lẹ́kun. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, Jimoh wá sí yàrá àwọn tíṣà. Ìyẹ̀fun àgbàdo ṣì wà lójú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ká ìwé ìdánwò ọmọ náà sínú ọ̀rá kí ó má baà dọ̀tí.

"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà. Èmi ni bàbá Nusrat."

"Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ ni Jimoh tó wà ní géètì."

Ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó kéré tán. Ọmọ Èkìtì ni mí, àwọn ará Èkó sì máa ń sọ pé a kì í fi ẹ̀yin pe àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Èkìtì ló mú kí n pè é ní ìwọ. Aṣọ iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ ló fà á.

"Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni mo bá wá," ó ní. "Mi ò ní kẹ́ ẹ fi máàkì kún un o. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó ti ṣì í ni, torí èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ibi gbogbo ló ti ṣì í. Ẹ̀gẹ́ ni gaàrí. Ọkà bàbà, nǹkan mìíràn ni. Àgbàdo la bi wọ́n. Bí àgbàdo bá pọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bí kò bá pọ̀, á gòkè. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, tó bá jẹ́ òun nìkan ló ń rìn. Àgbàdo kì í dá rìn. Ẹni tí ò rówó ra gaàrí ò ní torí ẹ̀ sùn lébi, ẹ̀kọ ló máa rà. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ ọkà bàbà, tí ọkà bàbà bá ti wọ́n jù, àgbàdo ni wọ́n máa ní ká gbé wá. Awakọ̀ tó dé lánàá ní ọkà bàbà ti ń sáré lọ́hùn-ún láti bí ọjọ́ mẹ́wàá. Gaàrí ti ń sáré n'Ìjẹ̀bú. Àgbàdo ló kù. Á bá wọn. Ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Obìnrin kan wà ní igun yàrá tó ń gbọ́ wa. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ni. Ará ìlú mi ni, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti pé ọdún méjì tó ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tíì jáde, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò jáde. Adìyẹ àgíríìkì ọgọ́jọ tó ń sìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá ló ń bọ́ ọ. Gbogbo Túsìdeè ló ń gbé kréètì ẹyin márùn-ún wá bá wa. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn pé kó sin adìyẹ. Gbogbo nǹkan nípa adìyẹ náà, èmi ló máa ń bi.

"Bàbá," ó ní, "bí mo ṣe ń gbọ́ yín yìí, ṣé kí n tètè ra àgbàdo tèmi? Mo ti kó owó àpò mẹ́wàá jọ."

"Ẹ rà á lọ́sẹ̀ yìí, Mà. Ẹ má dúró de tuntun."

Mo fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́. "Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Oṣù kẹjọ ni àgbàdo tuntun ń wọ̀lú, òjò sì dára lọ́dún yìí. Ẹ dúró, ẹ ó rà á ní ọ̀pọ̀. Ẹ̀yin náà ti ṣe tíṣà rí. Ta ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ìwé ni àbí eyín?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Johnson, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ní, "Tí eyín bá dun Jimoh lọ́la, ẹ jẹ́ ká yáa lọ kó ìrẹsì pamọ́."

Jimoh náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí àlejò ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nílé ẹni tí kò mọ̀. Mo gba ìwé ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi báírò pupa fa ìlà kejì sábẹ́ òdo náà, mo dá a padà fún un. Ó tún un ká sínú ọ̀rá.

"Ó dáa, Tíṣà. Ẹ ṣáà bá mi bójú tó ọmọ náà."

Àǹtí Bọ́sẹ̀dé kò ra àgbàdo.

Kí oṣù kẹfà tó parí, kọ́ńgò gaàrí ti di ohun tí àwọn obìnrin ń tìtorí rẹ̀ ja ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Agége. Ní ìdajì oṣù keje, àgbàdo gbéra. Mo ka ọ̀sẹ̀ náà lórí kàlẹ́ńdà: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ kan ni láti ọjọ́ tí Jimoh wá. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé wá sí ilé mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

"Gbénró, ó ti gòkè o. Ṣé kí n ra ìwọ̀n tí agbára mi ká?"

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo ní ọ̀nà ni kò dára, pé òjò ló dá àwọn lọ́rì dúró, pé àwọn ọlọ́jà ló ń kó ọjà pamọ́. Mo ní ìdí mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì dára létí. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbí: lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti rò ó pé bóyá ọkùnrin géètì yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó lọ rà á, a jẹ́ pé Jimoh ló gba márùn-ún nínú márùn-ún nìyẹn, èmi ni mo gba òdo. Mo yàn kí obìnrin náà dúró.

Àgbàdo tuntun wọ̀lú lóṣù kẹjọ lóòótọ́. Ìwé kò parọ́ nípa ìyẹn. Wọ́n kó o jọ gègèrè ní ọjà Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ fi kọ́lé. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kó o dé ni wọ́n ń rà á tán. Àwọn tí wọn kò lè ra gaàrí mọ́ ń rà á. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ti kẹ̀yìn sí ọkà bàbà ń fi tírélà kó o. Owó tí Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ì bá fi ra àpò mẹ́wàá lóṣù kẹfà kò ra ju mẹ́fà lọ mọ́, ó sì ti ná lára rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn.

Nígbà tí a wọlé lóṣù kẹsàn-án, nǹkan méjì ni mi ò rí mọ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé kò gbé ẹyin wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ìyàwó Jimoh náà kò sí níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ti ẹyin, mo mọ̀ ọ́n lára, mi ò sì béèrè. Ti ẹ̀kọ, mo béèrè, mo sì béèrè rẹ̀ níwájú kíláàsì.

"Nusrat, sọ fún ìyá rẹ pé oníṣòwò gidi kì í fi oníbàárà sílẹ̀ láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, mo lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Mi ò tíì dé ilé Àǹtí Bọ́sẹ̀dé tí mo fi rí i ní oríta. Ó jókòó lórí àpótí, ó so adìyẹ mẹ́fà lẹ́sẹ̀, méjì méjì, ó ń tà wọ́n fún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Adìyẹ náà ti rù, ìyẹ́ ti ń yọ lọ́rùn wọn. Ẹni tó bá mọ adìyẹ á mọ̀ pé bí adìyẹ tó ń yé bá fi ọ̀sẹ̀ méjì rí oúnjẹ ìlàjì, kò ní yé mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí aṣọ mi má dọ̀tí.

"Ìwọ̀nyí ló kù, Àǹtí?"

"Rárá o. Mo ti ta púpọ̀, ṣùgbọ́n méjìlélọ́gọ́ta ṣì wà nílé, wọ́n sì ń yé díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀nyí ni mi ò lè bọ́."

"Kí lẹ fi ń bọ́ àwọn yẹn?"

Ó wo ọkọ̀ kan tó ń bọ̀, ó nawọ́ adìyẹ kan sí obìnrin tó wà lójú fèrèsé, obìnrin náà mi orí. Ìgbà náà ló tó dá mi lóhùn.

"Jimoh ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wọkọ̀ wá láti Ọ̀gbà pẹ̀lú garawa kan. Ó ní àgbàdo tí òun gé lóòjọ́ ni. Mo ní kó gba nǹkan díẹ̀, ó kọ̀, ó ní òun ló yẹ kí òun tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé òun dákẹ́ kíákíá jù."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo dẹ okùn tó fún adìyẹ kan lẹ́sẹ̀.

"Ó ní kí n má sọ fún ọ o," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Ó ní ìwọ lo ń kọ́ ọmọ òun."

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́ tàbí ẹ̀rù. Mo ti rò ó síbí, mo ti rò ó sọ́hùn-ún. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, kò sí èyí tí mo lè gbé sókè wò láìtijú. Orí ìdúró yẹn náà ni mo ti wá rántí pé garawa kan náà ni ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣe ògì. Adìyẹ ló ń jẹ ẹ̀kọ mi. Èmi ni mo sì dúró níwájú ọmọ wọn tí mo ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní òwò ṣíṣe.

Mo bẹ Àǹtí Bọ́sẹ̀dé. Ó ní, "Ìwé ni, Gbénró. Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Ì bá sàn kó bú mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ sí géètì náà. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ lójú ọ̀nà, gbólóhùn márùn-ún, mo ti tún wọn ṣe títí tí wọ́n fi gún. Lọ́rì méjì ló wà lórí ìlà. Jimoh wà lórí àpò, ó ń fi irin gún un. Lẹ́yìn irin géètì, níbi tí òjò kò lè dé, mo rí àmì ẹfun tó kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà mẹ́ta mẹ́ta ni: ọ̀kan fún gaàrí, ọ̀kan fún ọkà bàbà, ọ̀kan fún àgbàdo. Bí awakọ̀ bá mú ìròyìn ọjà wá, Jimoh á fa igi kékeré kan, èyí tó dojú kọ òkè bí owó bá gòkè, èyí tó dojú kọ ilẹ̀ bó bá wálẹ̀. Ẹni tí kò kàwé rárá lè dúró níbẹ̀ kó sì rí i: ibi tí gaàrí àti ọkà bàbà bá ti gbójú sókè, bí ojú bá sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, àgbàdo náà á gbójú sókè. Ọdún mélòó kan ló wà níbẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ ti ń parẹ́. Ẹfun ilé ẹ̀kọ́ wa ni. Mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Nusrat," mo ní.

Ó dá irin dúró. N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì kan.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ẹ jókòó. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yẹn ṣe nǹkan?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe."

Awakọ̀ lọ́rì kejì ti ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú, pé ṣé tíṣà ló máa bá wọn já ẹrù ni. Gbólóhùn márùn-ún mi ò jáde. Jimoh da àgbàdo díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bí ẹní fún àlejò ní omi.

"Ẹ bá mi gé e wò."

Mo gé e. "Ó gbẹ," mo ní.

Ó gé tirẹ̀, ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́. "Omi ṣì wà nínú ẹ̀ díẹ̀, sà. Ẹ tún òmíràn gé."

Mo tún un gé. Mi ò mọ ìyàtọ̀ kankan. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá Nusrat," mo ní. Gbogbo ohun tó jáde nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀, Tíṣà. Ọjà ni." Ó gun orí àpò padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ìwé ìdánwò Nusrat, mo fagi lé òdo, mo kọ márùn-ún, mo sì kọ ohun tó kọ sójú pátákó ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo sọ fún wọn pé ó tọ̀nà, pé èmi ni mo ṣì í. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn nígbà tí mo ń sọ ọ́, bíi pé pátákó ló gbà mí láyè bẹ́ẹ̀. Olúwarótìmí ní, "Bàtà ńkọ́, sà?" Nusrat ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì ká ìwé náà sínú ọ̀rá kan tí mo mọ̀.

Ìyàwó Jimoh padà sí ààyè rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí adìyẹ Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ti dín kù dé ìwọ̀n tí owó ẹyin wọn lè bọ́, tí garawa sì padà sílé. Mi ò tíì ní ìgboyà láti mu ẹ̀kọ náà. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń kí i, á sì bi mí bóyá omi ṣì ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo rò pé ó ń béèrè ní tòótọ́ ni.

Àǹtí Bọ́sẹ̀dé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní Túsìdeè. Kréètì méjì ló ń gbé wá, kì í ṣe márùn-ún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá, ó gbé wọn ka orí tábìlì mi, ó ní wọ́n ní gaàrí tún ti ń mira ní Ìjẹ̀bú. Mo rò pé ìmọ̀ràn ló ń wá. Mo yára fi báírò sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ lọ bi Bàbá Nusrat. Ẹ má bi mí."

Ó ń ṣí ìdérí kréètì. Kò gbójú sókè.

"Ta ló ń bi ọ́, Gbénró? Mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó débí. Ẹyin ni mo wá tà. Mélòó lo fẹ́?"